Ẹ Má Tíì Ta Ilẹ̀ Nítorí Wáyà Inú Ọpọlọ

Fídíò kan ló ń dà wá láàmú ní kíliníìkì báyìí. Ẹ ó ti rí irú rẹ̀ lórí WhatsApp: òyìnbó kan tó ní Parkinson, àrùn ọpọlọ tó ń mú ara gbọ̀n, tó sì ń mú un gan, tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n rìrì, tí kò lè gbé ife omi dé ẹnu, ó tẹ nǹkan kan tó jọ rìmóòtù tẹlifíṣọ̀n, ọwọ́ náà sì dúró wámú. Láti ìgbà tí irú fídíò bẹ́ẹ̀ ti ń kiri ni àwọn ọmọ ti ń gbé bàbá wọn wá pẹ̀lú ìbéèrè kan ṣoṣo: "Dókítà, èló ni wọ́n ń ṣe é?" Wọn ò béèrè bóyá ó tọ́ sí bàbá. Wọn ò mọ orúkọ oògùn tí bàbá ń lò. Ọ̀kan nínú wọn ti bá àwọn tó fẹ́ ra ilẹ̀ bàbá dúnàádúrà kó tó wá rí mi.

Iṣẹ́ abẹ yẹn wà, kì í ṣe irọ́. DBS (deep brain stimulation, ìyẹn fífi iná ta ọpọlọ nínú lọ́hùn-ún) la máa ń pè é. Wọ́n á dá ihò kékeré méjì sí agbárí, wọ́n á ti wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ bọ inú ọpọlọ lọ́tùn-ún lósì, wọ́n á gbé bátìrì sábẹ́ awọ àyà, wọ́n á sì gba abẹ́ awọ ọrùn so wọ́n pọ̀. Ibi tí wáyà náà sábà máa ń lọ ni subthalamic nucleus, tí kò fi bẹ́ẹ̀ tóbi ju hóró ẹ̀wà lọ. Iná tí ẹ̀rọ ń ta sí i sábà máa ń tó ìgbà 130 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ìyókù di ọwọ́ àwọn oníṣẹ́ abẹ ọpọlọ. Iṣẹ́ tèmi ni láti mọ ẹni tó yẹ kí wọ́n ṣe é fún, iṣẹ́ yẹn gan-an ni kò sì sí nínú fídíò.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tó ti wá, torí ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kò ní máa pè é ní idán. Ní Grenoble nílẹ̀ Faransé ni, lọ́dún 1987. Nígbà náà, ohun tí wọ́n ń ṣe fún ọwọ́ gbígbọ̀n tó le ni pé wọ́n á jó ibì kékeré kan nínú ọpọlọ dànù. Kí wọ́n tó jó o, wọ́n á kọ́kọ́ fi iná díẹ̀ dán ibẹ̀ wò kí wọ́n lè mọ̀ pé àwọn ò ṣìnà. Dókítà Alim-Louis Benabid ń yí iye ìgbà tí iná náà ń ta. Nígbà tó wà nísàlẹ̀, gbígbọ̀n náà kò dúró. Nígbà tó gòkè dé nǹkan bí 100 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ọwọ́ aláìsàn dákẹ́. Ó pa iná, gbígbọ̀n padà dé. Kí ló wá dé tí èèyàn yóò fi jó ohun tó ṣeé tàn tó sì ṣeé pa? Ní 1990, Hagai Bergman, Thomas Wichmann àti Mahlon DeLong ní Amẹ́ríkà mú àwọn ọ̀bọ tí májèlé MPTP ti sọ di alárùn Parkinson, wọ́n ba subthalamic nucleus wọn jẹ́, àwọn ọ̀bọ tó ti gan sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Lọ́dún 1993, àwọn ará Grenoble gbé wáyà lọ sí ibẹ̀ yẹn lára èèyàn. Ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i fún ọwọ́ gbígbọ̀n ní 1997, wọ́n fọwọ́ sí i fún àwọn àmì Parkinson tó kù ní 2002. Ẹ ka ọdún tó wà láàárín wọn, kí ẹ tó máa pariwo mọ́ mi lórí pé mò ń fi nǹkan falẹ̀.

Ẹ gbọ́ eléyìí dáadáa, torí òun gan-an ni mo ṣe jókòó kọ̀wé: ohun tí levodopa, ìyẹn oògùn tí a fi ń tọ́jú Parkinson, kò bá lè ṣe fún aláìsàn, wáyà kò lè ṣe é.

Ohun tí gbogbo ayé ń rò ni pé ẹni tí oògùn kò ràn mọ́ ni wọ́n ń lu orí rẹ̀. Ó tì o. Ẹni tí oògùn ń ràn gan-an, àmọ́ tí kì í pẹ́ lára rẹ̀ mọ́, ni iṣẹ́ abẹ yìí wà fún: ẹni tó lo oògùn láago mẹ́jọ, tó rìn bí ọ̀dọ́ títí di mẹ́wàá, tó sì ganpa kó tó di mọ́kànlá, ẹni tí ọwọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ tún ń jó fúnra wọn nígbà tí oògùn bá gùn ún tán. Gbígbọ̀n nìkan ló yàtọ̀ nínú òfin yìí. Ó lè jẹ́ pé oògùn ò ká a, kí wáyà sì ká a.

Bí a ṣe ń mọ̀ ọ́n kò la ariwo lọ. Aláìsàn kò ní lo oògùn Parkinson kankan láti alẹ́. Láàárọ̀, nígbà tí ara ti le gbagidi, a ó ní kó dìde lórí àga, kó rìn, kó yí padà, kó máa fi àtàǹpàkò kan ìka ìfábẹ̀lá léraléra, a ó sì máa fún un ní máàkì. Lẹ́yìn náà a ó fún un ní levodopa, a ó dúró kó wọlé, a ó tún gbogbo rẹ̀ ṣe. Bí máàkì náà kò bá fi nǹkan bí ìdá 30 nínú 100 sàn sí i, ọ̀pọ̀ ibi tí wọ́n ti mọ iṣẹ́ wọn níṣẹ́ kò ní fọwọ́ kan orí rẹ̀.

Ọmọ á ní, "Dókítà, oògùn ò kúkú ṣiṣẹ́." Báwo ni bàbá ṣe ń lò ó? Lẹ́yìn ẹ̀bà àti ẹran ni, "kó má baà run ún nínú." Hóró kan láàárọ̀, ìdajì lálẹ́, bí wọ́n bá rántí. Ẹran, ẹyin, ẹ̀wà, ohun tó ń tinú wọn jáde máa ń bá levodopa du ọ̀nà kan náà láti inú ìfun bọ́ sínú ẹ̀jẹ̀, àti láti inú ẹ̀jẹ̀ bọ́ sínú ọpọlọ. Ẹ fún bàbá ní oògùn rẹ̀ ní nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kó tó jẹun, ní àkókò kan náà lójoojúmọ́, kí ẹ gbé aláàmù sí fóònù. Mo ti rí bàbá tí wọ́n ti ń ṣe ìwé ìrìnnà Íńdíà fún, tó jẹ́ pé aago oògùn rẹ̀ nìkan la tún tò, tó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wọlé nígbà tó padà wá. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́.

Mo tún ní láti bá àwọn alágbo sọ̀rọ̀. Ẹ ń po asofẹ́yẹjẹ fún ẹ̀jẹ̀ ríru àti àìrórunsùn. Ẹ kò parọ́, ó ń mú ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀, ó sì ń múni sùn, torí reserpine wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n reserpine yẹn náà ló ń gbọ́n dopamine inú ọpọlọ gbẹ, ìyẹn èròjà tí ọpọlọ fi ń darí ìrìn ara, dopamine yìí kan náà ló sì ti ń dín kù lára ẹni tó ní Parkinson. Nígbà tí Arvid Carlsson ní Sweden fún àwọn ehoro ní reserpine láàárín ọdún 1950 sí 1960, wọ́n dúró gan-n-gan bí ẹni tí ò sí láyé. Ó fún wọn ní levodopa, wọ́n tún gbé etí nàró, wọ́n ń rìn. Iṣẹ́ náà ló gbé e dé ẹ̀bùn Nobel ní 2000. Ohun tí òun fi gan ehoro kó lè rí ìmọ̀ kọ́, òun lẹ ń gbé fún bàbá nínú ìgò ọtí, ẹ sì ń gbowó! Mi ò bá egbòogi jà. Levodopa wà nínú èso yèrèpè gan-an, àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ sì ti yẹ̀ ẹ́ wò. Ṣùgbọ́n ta ló wọn èyí tó wà nínú ìkòkò tiyín?

Gbogbo aláǹgbá ló dakùn délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run. Metoclopramide tí kẹ́mísìtì ń tà fún èébì, haloperidol tí wọ́n ń fún àwọn tí orí wọn dàrú, wọ́n lè sọ èèyàn di ẹni tó ń gbọ̀n, tó ń wọ́ ẹsẹ̀. Kò sí wáyà tó ń wo ìyẹn. Oògùn náà la ó dá dúró, kì í sì í ṣe ọwọ́ ara yín lẹ ó fi dá a dúró.

Fún ẹni tó bá tọ́ sí, DBS dára gidi. Ìwádìí kan tó jáde ní 2013 láti Jámánì àti Faransé kó aláìsàn 251 jọ; apá kan gba wáyà pẹ̀lú oògùn, apá kejì gba oògùn nìkan, fún ọdún méjì. Ìgbé ayé àwọn oníwáyà fi ìdá 26 nínú 100 sàn sí i, ti àwọn yòókù kò sún síwájú. Àmọ́ ẹ wo irú àwọn tí wọ́n mú: kò sí ẹni tó ti pé 61 nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀, oògùn ṣì ń ràn wọ́n gan-an, iyè wọn sì pé. Bàbá ẹni ọdún 78 tó ti ń fi orúkọ àbúrò rẹ̀ pe ọmọ rẹ̀ kò sí níbẹ̀. Wáyà kì í mú iyè padà, ó lè mú ohùn bàbá wúwo sí i, ẹ̀jẹ̀ sì lè ya nínú ọpọlọ nígbà tí wọ́n bá ń tì í wọlé. Àrùn náà sì ń bá ìrìn rẹ̀ lọ lábẹ́lẹ̀.

Ìdí tí ẹ̀rí inú ṣọ́ọ̀ṣì kì í fi í wú mi lórí nìyí: wíwọlé tí wáyà wọlé nìkan lè dá gbígbọ̀n dúró fún ọjọ́ díẹ̀, nígbà míì ọ̀sẹ̀ díẹ̀, kí ẹnikẹ́ni tó tan iná rárá. Ọjọ́ Àìkú yẹn ni wọ́n máa ń jó lọ síwájú pẹpẹ. Lẹ́yìn náà gbígbọ̀n á padà, wọ́n á ní aráyé ti gbà á.

Bàbá kan wà, tíṣà ni kó tó fẹ̀yìn tì. Iṣẹ́ abẹ tirẹ̀ tọ́ sí i, wọ́n ṣe é dáadáa lókè òkun, ó padà ń dá bọ́tìnnì ẹ̀wù rẹ̀ dè. Ìyàwó rẹ̀ wá mú un lọ bá wòlíì kan fún àdúrà ìdúpẹ́. Wòlíì ní ẹ̀rọ inú bàbá ló ń dí iṣẹ́ Ọlọ́run lọ́wọ́, kí wọ́n pa á fún ààwẹ̀ ọlọ́jọ́ mẹ́ta kí ògo lè hàn. Wọ́n pa á. Wọ́n dá oògùn náà dúró, torí ààwẹ̀ ni. Lọ́jọ́ kejì bàbá kò lè yí ara rẹ̀ padà lórí ibùsùn. Lọ́jọ́ kẹta kò lè gbé itọ́ mì, ara rẹ̀ gbóná janjan, òru ni wọ́n gbé e dé ọ̀dọ̀ wa. Mo ní, "Mà, rìmóòtù dà?" Wọ́n wò mí, wọ́n wolẹ̀. Rìmóòtù wà lábẹ́ pẹpẹ, nínú ike òróró. Wòlíì ti rì í sínú rẹ̀ kí agbára òkùnkùn tó wà lára rẹ̀ lè kú.

A gba imú bàbá ti rọ́bà dé ikùn, à ń lọ levodopa gba ibẹ̀, à ń fi omi tútù nù ún lára, ọmọ rẹ̀ ń pe àwọn tó ṣe iṣẹ́ abẹ náà kí wọ́n fi rìmóòtù mìíràn ránṣẹ́. Ó dé, a tan ẹ̀rọ náà. Bàbá yè. Àmọ́ ọmọ-ọmọ rẹ̀ ló ń bá a dá bọ́tìnnì dè títí dòní.

Nítorí náà, kí ẹ tó san owó kankan fún àwọn aṣojú tó ń kó aláìsàn lọ sókè òkun, ìbéèrè tí ẹ ó bi wọ́n nìyí: ta ni yóò máa tún ẹ̀rọ náà tò nígbà tí a bá padà délé? Ọ̀pọ̀ oṣù ni wọ́n fi ń yí iná náà díẹ̀díẹ̀, tí wọ́n ń dín oògùn kù bó ṣe ń gòkè. Bátìrì tí kò ṣeé gba iná sì máa ń lò bí ọdún mẹ́ta sí márùn-ún, kí wọ́n tó tún la awọ àyà láti pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ fi owó ọkọ̀ òfuurufú ìyẹn náà kún un. Bí bàbá bá sì lọ fún ìfọwọ́ra tàbí ìtọ́jú eegun, ẹ sọ fún wọn pé ẹ̀rọ wà lára rẹ̀: ẹ̀rọ diathermy tí wọ́n fi ń mú ara gbóná lè gba ara wáyà jó ọpọlọ.

Èyí tó tuntun ni ẹ̀rọ tó ń gbọ́ ìró ọpọlọ fúnra rẹ̀, tó ń gbé iná sókè nígbà tí ara bá fẹ́ gan, tó ń mú un wálẹ̀ nígbà tí oògùn bá ń ṣiṣẹ́. Wọ́n dán an wò lára aláìsàn 8 nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìwádìí náà jáde ní 2013, Amẹ́ríkà sì fọwọ́ sí irú rẹ̀ ní 2025. Inú mi dùn sí i. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò lè fi oògùn sí aago, kí ni yóò fi ìyẹn ṣe?

Ó ku ìbéèrè kan tí ará Ìlàjẹ kan fi ránṣẹ́, bóyá bàbá rẹ̀ tí wọ́n ti ṣe tirẹ̀ lè padà sínú omi. Rárá o. Ní 2019, àwọn dókítà ní Zurich kọ nípa aláìsàn 9 tó mọ̀ wẹ̀ dáadáa tẹ́lẹ̀, tí kò mọ̀ ọ́n wẹ̀ mọ́ lẹ́yìn tí wọ́n gba wáyà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìrìn wọn ti dára sí i. Ọ̀kan nínú wọn bẹ́ sínú adágún bó ṣe máa ń ṣe, mọ̀lẹ́bí rẹ̀ ló fà á yọ. Mẹ́ta pa ẹ̀rọ náà, wọ́n sì mọ̀ ọ́n wẹ̀ lójú ẹsẹ̀; ẹ má dán ìyẹn wò. Kí bàbá jókòó sínú ọkọ̀, kí ẹlòmíràn máa tù ú.