Owó mọ́tò náà wà lára oògùn

Ẹ jẹ́ n bẹ̀rẹ̀ látorí ọkùnrin kan tí mo mọ̀ dáadáa lẹ́nu iṣẹ́ nọ́ọ̀sì tí mò ń ṣe lọ́sibítù, mi ò ní dárúkọ ẹ̀, mi ò sì ní dárúkọ ìlú ẹ̀. Iṣẹ́ bíríkìlà ló ń ṣe. Schizophrenia ló ní, àìsàn tó máa ń jẹ́ kéèyàn gbọ́ ohùn tí ẹlòmíì ò gbọ́, kó máa rò pé wọ́n ń lépa òun. Ọdún mẹ́fà gbáko ló fi ń wá gba abẹ́rẹ́ ẹ̀ lóṣooṣù, ó ń ṣiṣẹ́ ẹ̀, ó ń tọ́ àwọn ọmọ ẹ̀, tẹ́ ẹ bá rí i níta ẹ ò lè mọ̀ pé nǹkan kan ṣe é rí. Nígbà tí ọdún 2023 ń parí lọ làwọn ẹ̀gbọ́n ẹ̀ fi okùn dì í wá bá wa. Ìyá ẹ̀ ń sunkún, ó ní àwọn ayé ti tún bẹ̀rẹ̀. Mo ṣí káàdì ẹ̀ wò. Oṣù Keje, kò wá. Oṣù Kẹjọ, kò wá. Oṣù Kẹsàn-án, kò wá. Nígbà tí ara ẹ̀ wá balẹ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan mo bi í pé kí ló dé, ó ní, "Màmá, ẹ má bínú, owó mọ́tò ni. Wọ́n ti fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́ta, àwọn tó ń kọ́lé sì ti dáwọ́ dúró, kò sẹ́ni tó ń pè mí síṣẹ́. Mo ní kí n fi ra gàrí fáwọn ọmọ ná, pé tó bá di oṣù tó ń bọ̀ màá wá."

Mi ò bá màmá yẹn jiyàn lórí ọ̀rọ̀ ayé o. Ṣùgbọ́n èyí tó ṣẹlẹ̀ sí ọmọ ẹ̀, mo lè fi hàn yín lórí kàlẹ́ńdà. Ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023 ni Ààrẹ Tinubu kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ, kò ju ọjọ́ mélòó kan lọ tí lítà bẹntiróòlù tí à ń rà ní nǹkan bíi náírà 190 fi fò kọjá 480, nígbà tó fi máa di oṣù Keje ó ti kọjá 600 láwọn ibì kan. Ní àárín oṣù Kẹfà ni báńkì àpapọ̀ tún tú náírà sílẹ̀ kó máa wá iye tó máa jẹ́ lọ́jà, dọ́là tó ń jẹ́ nǹkan bíi 470 lọ́wọ́ ìjọba tẹ́lẹ̀ ti lé ní 1,400 nígbà tó di oṣù Kejì ọdún 2024. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, èyí tó pọ̀ jù nínú oògùn ọpọlọ tí à ń lò, òkè òkun ni wọ́n ti ń kó o wá, èyí tí wọ́n sì ń ṣe nílé, òkè òkun ni èròjà ẹ̀ ti ń wá, dọ́là ni wọ́n fi ń rà á. Oṣù Kẹjọ ọdún 2023 kan náà ni GSK, ilé iṣẹ́ ńlá tó ń ṣe oògùn, kéde pé àwọn ń kógbá wọlé ní Nàìjíríà. Kò sí ibi tí wọ́n ti dárúkọ àìsàn ọpọlọ nínú gbogbo ìpinnu yìí, kò sẹ́ni tó jókòó ní Àbújá tó ní kí bíríkìlà yẹn padà máa gbọ́ ohùn. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ ló já sí.

Ìdí tí mo fi ń kọ èyí nìyẹn. Ìpinnu tí wọ́n bá ṣe lórí owó ìlú, wọ́n ṣe é lórí ọpọlọ aráàlú náà ni, bóyá ẹni tó ṣe é mọ̀ tàbí kò mọ̀. Mi ò sọ pé kí wọ́n má yọ owó ìrànwọ́ epo o, iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni mo kọ́. Ohun tí mò ń sọ ni pé nígbà tí wọ́n ń yọ ọ́, ó yẹ kí ẹnì kan nínú yàrá yẹn ti béèrè pé àwọn tó ń wọ mọ́tò lọ gba abẹ́rẹ́ lóṣooṣù ńkọ́?

Ìbéèrè tí wọ́n máa ń bi mí jù, títí kan inú ṣọ́ọ̀ṣì, ni pé ṣé ìṣẹ́ lè mú èèyàn ya wèrè ni. Ó sinmi lórí irú àìsàn tí à ń sọ. Schizophrenia, ti ìdílé wà níbẹ̀, ti bí ọpọlọ ṣe dàgbà wà níbẹ̀, àìrówó nìkan ò lè dá a sílẹ̀, ohun tí àìrówó máa ń ṣe ni pé ó máa ń gbé èyí tó ti sùn dìde. Àmọ́ ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn tó ti di àìsàn, tàbí ìfòyà tí kì í lọ tí àyà á kàn máa já pì pì pì tọ̀sán tòru, ọwọ́ ìṣẹ́ wà nínú ìyẹn gan-an. Ní ọdún 2020, àwọn olùwádìí kan, Matthew Ridley, Gautam Rao, Frank Schilbach àti Vikram Patel kó ìwádìí tí wọ́n ti ṣe lóríṣiríṣi ibi láyé jọ, wọ́n rí i pé láàárín ìlú kan náà, àwọn tí owó tó ń wọlé fún wọn kéré jù máa ń ní irú àìsàn yìí ní ìlọ́po kan àbọ̀ títí dé ìlọ́po mẹ́ta àwọn tó lówó jù. Wọ́n tún sọ pé ọ̀nà méjì ló ń gbà, àìrówó ń fà á, òun náà sì ń fa àìrówó. Ìyẹn ò yà mí lẹ́nu rárá. Mo ti rí télọ̀ tó rẹ̀wẹ̀sì débi pé aṣọ oníbàárà ń bẹ lórí ẹ̀rọ fún oṣù méjì tí ò lè fọwọ́ kàn án, àwọn oníbàárà wá kó aṣọ wọn lọ, gbèsè wọlé, ìrẹ̀wẹ̀sì tún le sí i. Mo sì ti rí ọ̀dọ́kùnrin tó jẹ́ pé àwọn ayánilówó orí fóònù ló bà á jẹ́, owó tí ò tó nǹkan ló yá, wọ́n wá fi fọ́tò ẹ̀ ránṣẹ́ sí gbogbo nọ́ńbà tó wà nínú fóònù ẹ̀ pé olè ni, títí kan ọ̀gá ẹ̀ àti ìyàwó àfẹ́sọ́nà ẹ̀, kò sùn fún ọjọ́ mẹ́rin. Àwọn àgbà ti sọ ọ́ pé àròkàn ní ń mú ẹkún àsun-ùn-dá wá. Kó tó di pé dọ́kítà kankan fún un lórúkọ ni wọ́n ti mọ̀ ọ́n.

Kẹ́ ẹ sì má rò pé ìgbà tí epo wọ́n yìí ló bẹ̀rẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n Oye Gureje, dọ́kítà ọpọlọ, àti àwọn akẹgbẹ́ ẹ̀ n'Ìbàdàn gbé ìwádìí kan jáde ní 2006, èèyàn 4,984 ni wọ́n fọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò, nǹkan bíi 12 nínú ọgọ́rùn-ún wọn ló ti ní àìsàn ọpọlọ kan rí láyé ẹ̀. Èyí tó dùn mí jù níbẹ̀ ni pé nínú àwọn tí tiwọn le débi tí ò jẹ́ kí wọ́n lè ṣe nǹkan gidi mọ́, nǹkan bíi 8 péré nínú ọgọ́rùn-ún ló rí ìtọ́jú kankan láàárín ọdún kan. Nígbà tí nǹkan ṣì rọ̀ díẹ̀ nìyẹn o.

Ibi tí ìwádìí ti fún mi lókun jù ni Brazil. Láti 2003 ni ìjọba ibẹ̀ ti ń san owó kan fáwọn ìdílé tí ò ní lóṣooṣù, wọ́n ń pè é ní Bolsa Família, owó náà ò pọ̀, ọwọ́ ìyá ilé ni wọ́n sì sábà máa ń san án sí, ohun tí wọ́n kàn ń béèrè ni pé kí ọmọ máa lọ síléèwé, kó sì gba abẹ́rẹ́ àjẹsára. Ilé iṣẹ́ ìwádìí kan wà ní Salvador, ní Bahia, ìlú yẹn náà tí àwọn èèyàn wa tí wọ́n kó lẹ́rú gbé òrìṣà àti èdè wa dé, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń so àkọsílẹ̀ àwọn tó ń gba owó yìí pọ̀ mọ́ àkọsílẹ̀ àwọn tó kú. Wọ́n tẹ̀lé èèyàn tó lé ní mílíọ̀nù 76 láti 2004 sí 2015. Wọn ò fi tálákà wé olówó o, ibi tí mo fẹ́ràn ìwádìí yẹn sí nìyẹn, tálákà tó ń gba owó náà ni wọ́n fi wé tálákà tí ò gbà á, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé ìyàtọ̀ ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ohun tí wọ́n gbé jáde ní 2022 ni pé láàárín àwọn tó ń gba owó, ikú àfọwọ́fà, ìyẹn kéèyàn pa ara ẹ̀, fi 56 nínú ọgọ́rùn-ún kéré sí tàwọn tí ò gbà, láàárín àwọn obìnrin gan-an ló sì ti hàn jù. Ẹ rò ó wò. Kò sí dọ́kítà ọpọlọ nínú ètò yẹn, kò sí oògùn níbẹ̀, owó oúnjẹ ni. Wọ́n rí irú ẹ̀ ní Indonesia náà, níbi tí ìjọba ti bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn ìdílé tálákà lówó ní 2007, àwọn olùwádìí rí i pé ikú àfọwọ́fà dín kù ní nǹkan bíi 18 nínú ọgọ́rùn-ún láwọn agbègbè tí ètò náà dé.

Àwa náà gbìyànjú. Oṣù Kẹwàá 2023, ìjọba ní àwọn máa fún ìdílé mílíọ̀nù 15 ní 25,000 náírà lóṣooṣù fún oṣù mẹ́ta. Ó di oṣù Kìíní 2024, wọ́n dá ètò náà dúró nítorí ìwádìí ìwà àjẹbánu. Èmi ò rò pé oṣù mẹ́ta lè ṣe ohun tí ọdún mẹ́wàá ṣe ní Brazil kódà ká ní gbogbo owó yẹn dọ́wọ́ gbogbo wọn, torí ohun tó ń mú kéèyàn sùn lóru kì í ṣe owó tó wọlé lónìí, pé ó mọ̀ pé òmíì ń bọ̀ lóṣù tó ń bọ̀ ni.

Ẹ wo Greece fún òdìkejì ẹ̀. Nígbà tí gbèsè mú ìjọba ibẹ̀, owó ìtọ́jú ọpọlọ wà lára ohun tí wọ́n gé, wọ́n gé 20 nínú ọgọ́rùn-ún láàárín 2010 sí 2011, wọ́n tún gé 55 lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Àwọn tó ní ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn tó le níbẹ̀ tí wọ́n jẹ́ 3.3 nínú ọgọ́rùn-ún ní 2008 ti di 12.3 ní 2013. Ìgbà tí wọ́n nílò ẹ̀ jù ni wọ́n gé e. Sweden náà rí ìṣòro ọrọ̀ ajé ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn, àmọ́ ikú àfọwọ́fà ò tìtorí ẹ̀ lọ sókè, ìjọba ibẹ̀ ń náwó gan-an láti wá iṣẹ́ míì fáwọn tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ wọn.

Ká má tiẹ̀ jìnnà lọ títí. Abẹ́òkúta níbí ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Adeoye Lambo, dọ́kítà ọpọlọ, ti bẹ̀rẹ̀ ètò abúlé Aro ní 1954. Dípò kó máa ti gbogbo aláìsàn mọ́ inú wọ́ọ̀dù, ó ní kí wọ́n gba yàrá lọ́dọ̀ àwọn ará abúlé tó yí ọsibítù ká, kí mọ̀lẹ́bí kan tẹ̀ lé aláìsàn wá, kó máa se oúnjẹ fún un, wọ́n á lọ gba ìtọ́jú láàárọ̀, àwọn míì á sì bá àwọn ará abúlé ṣiṣẹ́ lóko. Àwọn onílé ń rówó yàrá gbà, ọsibítù ń fowó pamọ́, aláìsàn ò sì di ẹni ìgbàgbé. Gbogbo ayé wá wò ó. Tí mo bá ń rò ó mo máa ń sọ pé bàbá yẹn mọ̀ pé ọ̀rọ̀ owó wà nínú ọ̀rọ̀ orí, ó sì ṣe ètò méjèèjì pọ̀.

Ó dáa, kí lẹ lè ṣe báyìí, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní aláìsàn nílé? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dá oògùn dúró fúnra yín nítorí owó láìsọ fún wa. Ìtìjú ni kì í jẹ́ káwọn èèyàn sọ̀rọ̀, wọ́n á ní "ó ti tán nílé, màá rà á tó bá yá", kó tó di pé wọ́n padà wá, okùn ti wọ̀ ọ́. Tẹ́ ẹ bá sọ fún dọ́kítà pé owó ò sí, ó ní ohun tó lè ṣe, àwọn oògùn àtijọ́ bíi haloperidol àti chlorpromazine sábà máa ń dínwó ju àwọn tuntun lọ, wọ́n sì ń ṣiṣẹ́, ó kàn jẹ́ pé ẹni tó mọ̀ ọ́n ló gbọ́dọ̀ bá yín pààrọ̀ ẹ̀ nítorí ohun tó máa ń ṣe lára. Ẹ má gé oògùn sí méjì kó lè pẹ́, ẹ má máa fo ọjọ́ kan lò ó. Tó bá jẹ́ oògùn wárápá lẹ dá dúró lójijì, gìrì lè dé léraléra tí ò ní dáwọ́ dúró, ìyẹn lè pààyàn. Ẹ béèrè bóyá wọ́n lè kọ ti oṣù méjì tàbí mẹ́ta fún yín lẹ́ẹ̀kan tí ara bá ti balẹ̀, kẹ́ ẹ lè wọkọ̀ lẹ́ẹ̀kan dípò ẹ̀ẹ̀mẹta. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣètò íńṣọ́ránsì ìlera ìpínlẹ̀ yín ohun tó bo nínú oògùn ọpọlọ kẹ́ ẹ tó sanwó. Mọ́kàndínlógún nínú ogún ẹbí tí mo mọ̀ ló ń dá àjọ fún aṣọ ẹbí, ẹ dá ti owó mọ́tò kílíníìkì náà.

Tẹ́ ẹ bá sì rí i pé aláìsàn yín ò sùn mọ́, tàbí kò wẹ̀, tàbí ó ń rẹ́rìn-ín níbi tí kò sẹ́nì kankan, ẹ má dúró de oṣù tó ń bọ̀. Ẹni tó bá sì ń sọ pé ikú sàn fún òun, ẹ má fi í sílẹ̀ lóun nìkan, ẹ kó oògùn apakòkòrò àti oògùn tó ṣẹ́ kù nílé kúrò nítòsí, ẹ mú un dé ọsibítù lọ́jọ́ yẹn gan-an.

Ní ti àwọn tó di owó ìlú mú, oṣù Kìíní 2023 ni wọ́n fọwọ́ sí òfin ìlera ọpọlọ tuntun, tó rọ́pò òfin tí wọ́n ti ń lò látayé àwọn òyìnbó amúnisìn. Owó àkànṣe fún ìlera ọpọlọ wà nínú ẹ̀. Ibi tí mo bá rí i pé kí wọ́n kọ́kọ́ ná an sí ni hẹ́ẹ̀tì sẹ́ńtà, kí abẹ́rẹ́ oṣooṣù wà níbẹ̀, kí wọ́n kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì ibẹ̀ bí wọ́n á ṣe máa fún un, torí iṣẹ́ tí ò le ni, ọ̀nà tó jìn ló ń dí àwọn èèyàn wa lọ́wọ́.

Bíríkìlà tí mo sọ yẹn, a kọ lẹ́tà sí nọ́ọ̀sì kan ní hẹ́ẹ̀tì sẹ́ńtà ẹ̀gbẹ́ ọjà wọn, a ṣàlàyé gbogbo ẹ̀ fún un, dọ́kítà wa ń yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀kan lóṣù mẹ́ta. Ibẹ̀ ló ti ń gba abẹ́rẹ́ ẹ̀ báyìí. Ẹsẹ̀ ló fi ń rìn lọ.