Kò sí tribunal fún direct payment
Ìmọ̀ràn kan wà tí àwọn èèyàn wa ní Lọ́ńdọ̀nù kì í yé gba ara wọn lórí WhatsApp. Wọ́n á ní bí kánsù bá kọ̀ láti fún aláàbọ̀ ara ní direct payment, ìyẹn owó tí yóò fi gba kéérà (olùtọ́jú) tó wù ú fúnra rẹ̀, kó gbé wọn lọ sí tribunal, ìyẹn ilé ẹjọ́ tó ń gbọ́ ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn lórí irú ìpinnu ìjọba bẹ́ẹ̀. Ìmọ̀ràn yìí ti sú mi.

Ibi tó ti wá kò ṣòro mọ̀: PIP ni, ìyẹn owó ìrànwọ́ fún aláìsàn àti aláàbọ̀ ara. Ẹni tí wọ́n bá fi PIP dù lè ní kí wọ́n tún ọ̀rọ̀ òun gbé yẹ̀ wò láàárín oṣù kan. Bí wọn ò bá yí ohùn padà, ó di iwájú adájọ́ ní tribunal. Ṣùgbọ́n ìjọba àpapọ̀ ló ń san PIP. Kánsù ló ń san direct payment, òfin mìíràn ló sì ń tẹ̀ lé.

Àwọn tó rò pé àwọn mọ̀wé á ní àwọn ka Care Act 2014, òfin ìtọ́jú àgbàlagbà ní England tí direct payment wà nínú rẹ̀, pé abala 72 mẹ́nu ba ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn. Òótọ́ ni, ó wà níbẹ̀. Ohun tí abala náà sọ ni pé mínísítà lè gbé ìlànà kalẹ̀ tí wọn yóò fi máa gbọ́ irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀. Wọ́n béèrè èrò ará ìlú lórí rẹ̀ ní 2015, wọ́n sì gbé e tì. Ìlànà ò jáde. Láìsí ìlànà, kò sí ẹni tí yóò gbọ́ ẹjọ́. Mo ṣàlàyé èyí fún ẹnì kan, ó tún ya fọ́tò abala 72 ránṣẹ́ sí mi, àfi bíi pé tèmi ò ní ojú ìwé yẹn.

Ohun tó wà ní England fún àgbàlagbà ni kó fi ẹ̀sùn kan kánsù lọ́dọ̀ kánsù fúnra rẹ̀, láàárín oṣù 12. Bí kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, ó kan Local Government and Social Care Ombudsman, àjọ tó ń yẹ ẹ̀sùn tí wọ́n fi kan kánsù wò. Mi ò ní purọ́ pé ó dùn mọ́ mi kí kánsù máa dá ẹjọ́ ara rẹ̀, Ombudsman náà kì í sì í yí ìpinnu padà torí pé inú ń bí wa. Àṣìṣe nínú bí wọ́n ṣe ṣe é ló ń wá.

Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ gba ìdí tí wọ́n fi kọ̀ ní kíkọ sílẹ̀. Bí wọ́n bá ní ẹni náà ò lè bójú tó owó, ẹ ka abala 31 nínú Care Act: ó lè bójú tó o fúnra rẹ̀, tàbí pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ tó lè rí. Ẹ kọ orúkọ ẹni tí yóò máa ṣírò owó oṣù kéérà sílẹ̀. Àmọ́ bó bá jẹ́ pé ìyàwó tí wọ́n jọ ń gbélé ni wọ́n fẹ́ fi ṣe kéérà, ó ṣeé ṣe kí kánsù jàre. Ó dìgbà tí wọ́n bá gbà pé ó pọn dandan.

Kóòtù gidi wà fún ìpinnu tó bá lòdì sófin, judicial review ni, níbi tí adájọ́ ti ń wò ó bóyá kánsù tẹ̀ lé òfin. Kíákíá ni wọ́n ń pè é, kò sì gbọdọ̀ ju oṣù mẹ́ta lọ, torí náà ẹ tètè wá lọ́yà. Bí ẹnikẹ́ni bá sì fẹ́ gbowó lọ́wọ́ yín láti bá yín gbé direct payment lọ sí tribunal, ẹ ní kó kọ́kọ́ fi fọ́ọ̀mù tó fẹ́ kọ hàn yín.