Họmiópátì: Àbùlà Ni, Ẹ Yé Pè É Ní Agbára

Lára ìgò họmiópátì, ìlànà ìṣègùn tí wọ́n ti ń bu oògùn là léraléra kí wọ́n tó fún aláìsàn, ẹ ó rí 6C, 30C tàbí 200C. Àwọn tó ń túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá máa ń kọ "agbára 30", "agbára 200". Ìtumọ̀ yìí burú, ó sì ń ṣi aláìsàn lọ́nà, torí ẹni tó bá gbọ́ agbára 200 á rò pé oògùn inú rẹ̀ pọ̀ ju ti 30 lọ. Òdìkejì rẹ̀ ni. Iye ìgbà tí wọ́n bu oògùn náà là ni nọ́ńbà yẹn ń kà. Àbùlà 30 ló yẹ ká pè é, àbùlà 200. Kò sí ẹni tó ti ra ẹmu rí tí ọ̀rọ̀ yìí máa ṣókùnkùn sí.

Àwọn kan ní èébú ni àbùlà, pé ẹni tó bá lò ó ti gbẹ́jọ́ ẹnìkan dá. N kò gbà. Samuel Hahnemann, dókítà ará Jámánì tó dá ìlànà yìí sílẹ̀, kò fi bíbùlà pa mọ́, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọmọlẹ́yìn rẹ̀ kò fi pa mọ́ títí dòní. "Agbára" gan-an ló ti dá ẹjọ́. Ohun tí wọ́n ń jà lé lórí ni pé bí a ṣe ń bu oògùn là tí a sì ń mì í, bẹ́ẹ̀ ló ń lágbára sí i. Ẹni tó bá pè é ní agbára ti gbà fún wọn kí wọ́n tó mú ẹ̀rí kankan wá.

Èyí tó tún burú jùyẹn lọ ni "agbo òyìnbó". Ewé, egbò àti èèpo igi wà nínú agbo. Ìyẹn ló fi ń korò lẹ́nu, ìyẹn náà ló sì fi lè ba kíndìnrín jẹ́ bí a bá mu ún jù. Họmiópátì lè bẹ̀rẹ̀ láti ara oró ejò, kòkòrò oyin, mẹ́kúrì tàbí iyọ̀ ọbẹ̀, kó sì parí sí ṣúgà. Ní ti orúkọ rẹ̀, èmi ì bá fara mọ́ "ìṣègùn ajọra", torí ìgbàgbọ́ wọn ni pé ohun tó ń kó àìsàn bá ẹni tí ara rẹ̀ le ló máa wo àìsàn tó jọ ọ́ sàn. Ní 1790 ni Hahnemann jẹ èèpo igi sìǹkónà, èyí tí wọ́n ti ń yọ kuiníìnì, tó ní ara òun ń ṣe bíi ti oníbà, tó sì fi ìyẹn gbé òfin kalẹ̀. Ṣùgbọ́n họmiópátì ti mọ́ àwọn èèyàn lẹ́nu, ẹ jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é rèé. Wọ́n á rẹ ewé tàbí egbò sínú ọtí líle àti omi, wọ́n á sẹ́ ẹ. Wọ́n á kán ẹ̀kán kan nínú rẹ̀ sínú ìgò tuntun tó ní ẹ̀kán 99 omi àti ọtí, wọ́n á mì í kíkankíkan, wọ́n á máa gbá ìdí ìgò mọ́ ohun tó le díẹ̀, bí ìwé tí wọ́n fi awọ dì. Àbùlà 1 nìyẹn, tí wọ́n ń kọ ní 1C. Ẹ̀kán kan láti inú rẹ̀ sínú ẹ̀kán 99 mìíràn, ó di àbùlà 2. Bẹ́ẹ̀ ni títí dé 30. Ohun tí kì í yòrò, bíi wúrà, wọ́n á kọ́kọ́ fi ṣúgà inú wàrà lọ̀ ọ́ kúnná. Níkẹyìn, wọ́n á kán omi náà sórí hóró ṣúgà wẹ́wẹ́, wọ́n á jẹ́ kó gbẹ.

Ká ní elẹ́mu fẹ́ bu ife ẹmu kan là báyìí láìda ìkankan nù. Lẹ́ẹ̀kan, ó di ife 100. Lẹ́ẹ̀mejì, ife 10,000. Lẹ́ẹ̀mẹta, mílíọ̀nù kan. Bó bá fi máa dé ìgbà kọkànlá, gbogbo omi òkun ayé kò ní í tó o. Láti àbùlà 12 lọ, ó ṣòro kí mólékù ẹyọ kan ṣoṣo, ìyẹn ẹyọ tó kéré jù lọ, nínú ohun tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ṣẹ́ kù. Ìdọ̀tí tó wà nínú omi tó mọ́ jù lọ pàápàá pọ̀ jù ú lọ. Hahnemann kú ní 1843, kí ẹnikẹ́ni tó lè ka iye mólékù.

Àwọn ọmọlẹ́yìn rẹ̀ á dáhùn pé omi máa ń rántí ohun tó ti wà nínú rẹ̀. Ní 1988, Jacques Benveniste, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará Faransé, gbé ìwádìí kan jáde nínú Nature, ìwé ìròyìn sáyẹ́ǹsì, tó fara jọ ẹ̀rí fún èyí. Olóòtú ìwé náà, John Maddox, lọ sí iyàrá ìwádìí rẹ̀ pẹ̀lú Walter Stewart, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì, àti James Randi, onídán tó máa ń tú àṣírí ẹ̀tàn. Wọ́n pa àmì ara ìgò mọ́, kí ẹni tó ń ka èsì má bàa mọ ìgò tó ní àbùlà yàtọ̀ sí ìgò omi lásán. Ohun tí wọ́n ní omi ń rántí kò hàn mọ́.

Ṣé ara àwọn tó ń lò ó kì í yá ni? Ó ń yá. Ọ̀fìnkìn máa ń lọ fúnra rẹ̀, ọjọ́ tí àìsàn bá le jù lèèyàn sì ń wá oògùn, kó tó wá rọlẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ìdánwò gidi fi gbọ́dọ̀ fi ṣúgà lásán wé e, kí ẹni tó ń fúnni àti ẹni tó ń gbà á má mọ èwo ni èwo. Ní 2015, àjọ ìwádìí ìlera Ọsirélíà, NHMRC, yẹ àwọn ìdánwò wọ̀nyí wò, wọ́n ní kò sí àìsàn kan tí ẹ̀rí tó ṣeé gbára lé wà fún pé họmiópátì ń wò ó. Ọmọlẹ́yìn Hahnemann kì í sì í ṣàì mẹ́nu ba ọdún 1854, nígbà tí onígbáméjì tó kú ní ilé ìwòsàn wọn ní London kéré sí ti ibòmíràn. Òótọ́ ni. Ẹ̀jẹ̀ ni àwọn dókítà ìgbà náà ń fà lára aláìsàn tí omi ti tán lára rẹ̀, wọ́n sì ń fún un ní mẹ́kúrì. Ṣúgà kò pa ẹnikẹ́ni.

Àbùlà tí kò pọ̀ yàtọ̀ o, torí oògùn ṣì wà nínú ìyẹn. Ní 2017, FDA, àjọ tó ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn ní Amẹ́ríkà, rí i pé bẹladónà inú oògùn họmiópátì kan fún ọmọ tó ń hu eyín pọ̀ ju ohun tí wọ́n kọ sára rẹ̀ lọ nígbà mìíràn. Májèlé ni bẹladónà.

Ibi tó ti kan ilé wa gan-an ni ibà. Ní 2006, BBC tú u síta pé wọ́n ń ta họmiópátì ní London fún àwọn tó ń rìnrìn-àjò lọ síbi tí ibà wà. Ní 2009, WHO, àjọ ìlera àgbáyé, kìlọ̀ pé kí wọ́n má fi tọ́jú ibà. Ọmọ tí wọ́n bí sí London kò ní ohun tó ń gbéjà ko ibà lára bíi ti àwọn tó dàgbà sílé. Bí ẹ bá ń mú wọn bọ̀ wálé ní Oṣù Kejìlá, ẹ béèrè atovaquone-proguanil, oògùn tó ń dènà ibà: ọjọ́ kan tàbí méjì kí ẹ tó gbéra, lójoojúmọ́ pẹ̀lú oúnjẹ, títí di ọjọ́ méje lẹ́yìn tí ẹ bá padà. Bó bá jẹ́ doxycycline, òmíràn tó ń dènà ibà, ni wọ́n fún àgbàlagbà, ọ̀sẹ̀ mẹ́rin lẹ́yìn ìpadàbọ̀ ni. Bí ara ẹnikẹ́ni bá gbóná láàárín ọdún kan lẹ́yìn ìrìn-àjò náà, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an, kí ẹ sì sọ fún wọn pé Nàìjíríà lẹ ti dé.