Ìdàpọ̀ kókó átọ́ọ̀mù nínú àwọn ìràwọ̀ ńláńlá

Ìdàpọ̀ kókó átọ́ọ̀mù ni ìràwọ̀ fi ń tàn: àwọn èròjà fúyẹ́fúyẹ́ ń para pọ̀ di èyí tó wúwo. Nínú ìràwọ̀ tó wúwo tó Oòrùn 8 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, iṣẹ́ yìí kì í dúró títí yóò fi kan irin. Inú irú wọn ni èyí tó pọ̀ jù nínú ọ́síjìn tí à ń mí sínú ti wá.

Ará Ògbómọ̀ṣọ́ kò nílò ẹ̀rọ kankan láti rí ọ̀kan. Ní àárín oṣù Ṣẹ́rẹ́, ní nǹkan bí agogo 11 alẹ́, Betelgeuse máa ń wà lókè àtàrí gan-an níbẹ̀, àti ní Ọ̀yọ́ pẹ̀lú. Pípọ́n rẹ̀ la fi ń dá a mọ̀, bí eruku ọyẹ́ kò bá bo ojú ọ̀run.

Ìwúwo ìràwọ̀ ló ń tẹ inú rẹ̀ pọ̀, tí ibẹ̀ fi ń gbóná. Háídrójìn ló kọ́kọ́ ń di hílíọ́ọ̀mù. Bí ooru bá tó nǹkan bí mílíọ̀nù 100 dígíríì, hílíọ́ọ̀mù mẹ́ta á di kábọ̀n; bí ẹyọ kan bá tún kún un, ó di ọ́síjìn. Lẹ́yìn náà ni nẹ́ọ̀nì, magnísíọ́ọ̀mù àti sílíkọ̀n ń jẹyọ, ìpele lórí ìpele bí àlùbọ́sà tí a là sí méjì. Bí iṣẹ́ ṣe ń lọ ni eré ń pọ̀ sí i. Nínú ìràwọ̀ tó wúwo tó Oòrùn 25, háídrójìn ń lo nǹkan bí mílíọ̀nù 7 ọdún, kábọ̀n nǹkan bí 600 ọdún, sílíkọ̀n ò sì ju bí ọjọ́ kan lọ.

Lágbẹ̀dẹ, iná ló ń ṣẹ́gun irin. Nínú ìràwọ̀, irin ló ń pa iná. Dída irin pọ̀ kì í mú ooru wá, ooru ló ń jẹ. Nígbà tí irin àárín bá wúwo tó nǹkan bí Oòrùn 1.4, á wó lu ara rẹ̀ láàárín ohun tí kò tó ìṣẹ́jú àáyá kan, ìyókù ìràwọ̀ á sì sábà bú gbàù.

Ní ọdún 1957, Margaret Burbidge, ọkọ rẹ̀ Geoffrey, William Fowler àti Fred Hoyle, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì, ṣàlàyé ọ̀pọ̀ nínú ọ̀nà yìí. Ìràwọ̀ tó bú gbàù lójú ayé ní oṣù Èrèlé 1987 fìdí apá kan rẹ̀ múlẹ̀, nítorí wọ́n rí ìtànṣán kóbáltì, èròjà tó ń yí padà di irin, nínú ohun tó fọ́n jáde.

Irin àárín fúnra rẹ̀ kì í sábà jáde. Níkẹ́lì ló ń fọ́n ká; ó ń di kóbáltì láàárín ọjọ́ díẹ̀, kóbáltì á sì di irin láàárín oṣù mélòó kan. Irin ló mú ilẹ̀ Ògbómọ̀ṣọ́ pọ́n, òun náà sì ni alágbẹ̀dẹ fi ń rọ ọkọ́. Kì í ṣe ìràwọ̀ ńlá nìkan ló pèsè rẹ̀. Àwọn ìràwọ̀ kéékèèké tó ti kú, tí wọ́n wá bú gbàù lẹ́yìn náà, kó ipa tó pọ̀ níbẹ̀.