Ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá náà ni níbi gbogbo: kí ló dé tí onílé fi ń na àlejò?

Nínú bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n (basketball), irin apẹ̀rẹ̀ tí wọ́n ń ju bọ́ọ̀lù sí ga ní ẹsẹ̀ bàtà 10 ní gbogbo yunifásítì Amẹ́ríkà. Pápá gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 94, ó fẹ̀ ní 50. Kí ló wá kan ilé ẹni nínú ọ̀rọ̀ yìí?

Ohun tó jẹ́ kó rúni lójú gan-an nìyẹn. Nínú bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀, koríko onílé lè ga, òjò lè sọ pápá di ẹrẹ̀, àlejò á rí nǹkan dì mú. Bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n ní tiẹ̀, abẹ́ òrùlé ni, orí pákó ni. Síbẹ̀, nínú eré líìgì àwọn yunifásítì, onílé ló ń borí nínú bíi mẹ́fà nínú eré mẹ́wàá. Àwọn tó ń fi ìṣirò díwọ̀n agbára ikọ̀ máa ń bu bíi àmì mẹ́ta fún onílé kí eré tó bẹ̀rẹ̀ rárá.

Àwọn ilé kan sì wà tí tiwọn ju ti ẹgbẹ́ wọn lọ. Eré 129 ni yunifásítì Kentucky gbá nílé láìfìdírẹmi láàárín 1943 sí 1955, àfi ìgbà tí Georgia Tech dé. Yunifásítì Kansas gbá 69 bẹ́ẹ̀ ní gbọ̀ngàn wọn, Allen Fieldhouse, kí Texas tó wá já okùn náà ní oṣù Kìíní ọdún 2011.

Ṣé ariwo àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kọ́ ló ń já àlejò láyà?

Ohun tí gbogbo ayé ń sọ nìyẹn, ariwo ọ̀hún kì í sì í ṣe kékeré. Ní Allen Fieldhouse, ní 2017, wọ́n wọn ariwo tó tó dẹ́síbẹ́ẹ̀lì 130.4, Guinness sì kọ ọ́ sílẹ̀. Cameron Indoor Stadium ti yunifásítì Duke, tí wọ́n ṣí ní 1940, kò gbà ju ènìyàn 9,314 lọ, àmọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá níbẹ̀, kì í ṣe olówó bíi ti NBA, líìgì àwọn tó ń gbá a jẹun. Wọ́n á kun ara ní àwọ̀ búlúù, wọ́n á sun inú àgọ́ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan nítorí eré kan ṣoṣo. Wọ́n tilẹ̀ sọ ibi àgọ́ yẹn ní Krzyzewskiville, ní orúkọ akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn àtijọ́, Mike Krzyzewski.

Àmọ́ ẹ jẹ́ ká dán an wò. Ìgbà wo ni ariwo yẹ kó ba ọwọ́ ẹni jẹ́ jù? Ìgbà tí ó bá fẹ́ ju bọ́ọ̀lù ọ̀fẹ́ ni, tí kò sí ẹni tó dí i lọ́nà, tí ogunlọ́gọ̀ ń hó lé e lórí. Nínú NBA, níbi tí wọ́n ti ka irú bọ́ọ̀lù bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, iye tí àlejò ń jù wọlé fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba pẹ̀lú ti onílé. Ọwọ́ wọn kì í gbọ̀n tó bí a ṣe rò. (Mo mọ̀ pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Arizona State kò ní gbà fún mi. Lẹ́yìn aṣọ ìkélé ni wọ́n ti máa ń yọ sí ẹni tó fẹ́ jù ú. Ní 2016, ẹni tó yọ jáde ni Michael Phelps, òmùwẹ̀ olólúmípíìkì, tòun ti pátá ìlúwẹ̀ẹ́ àti mẹ́dàlì lọ́rùn. Ẹni tó ń jù ú tàsé.)

Ta wá ni ariwo náà ń mú?

Rẹfirí. Ìdáhùn tèmi nìyẹn, mi ò sì sọ pé wọ́n gba rìbá. Nínú ìwádìí kan tó jáde ní 2002, wọ́n fi fídíò eré Liverpool àti Leicester han rẹfirí bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ 40. Àwọn kan gbọ́ ariwo èrò, àwọn yòókù ò gbọ́ nǹkan kan. Àwọn tó gbọ́ ariwo dá ẹ̀bi fún onílé ní nǹkan bí ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún kéré sí àwọn tó wò ó ní ìdákẹ́jẹ́. Nígbà tí àwọn olùwádìí mìíràn yẹ eré yunifásítì Amẹ́ríkà wò ní 2009, wọ́n bá a pé àlejò ni fèrè ń dún mọ́ jù.

Ẹni méjì forí gbárí lábẹ́ àwọ̀n: ta ló jẹ̀bi? Ó ń rí bíi pé àwọn méjèèjì ni. Rẹfirí ní ìṣẹ́jú àáyá kan láti dájọ́, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ti dájọ́ ṣáájú rẹ̀. Tí agbábọ́ọ̀lù bá sì ti jẹ ẹ̀bi márùn-ún, ó di orí àga ìjókòó.

Nígbà Kòrónà, tí gbọ̀ngàn ṣófo ńkọ́?

Àǹfààní onílé dínkù ní sáà 2020–21, kò sì tán. Duke borí 13, wọ́n pàdánù 11, wọn ò sì dé ìdíje ńlá ti NCAA, àjọ tó ń darí eré ìdárayá yunifásítì Amẹ́ríkà, èyí tí kò ṣẹlẹ̀ láti 1995. Ṣùgbọ́n ikọ̀ tọdún yẹn fúnra rẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ lágbára.

Ìrìn àjò àti òkè ńkọ́?

Wọ́n wà níbẹ̀. Ẹsẹ̀ bàtà 7,220 ni gbọ̀ngàn yunifásítì Wyoming fi ga ju òkun lọ, wọ́n sì ń fi dẹ́rù ba àlejò. Gbọ̀ngàn The Pit ní Albuquerque ga tó bíi 5,000. Ibẹ̀ ni Hakeem Olajuwon, ọmọ Èkó, àti ikọ̀ yunifásítì rẹ̀, Houston, ti pàdánù àṣekágbá 1983 fún NC State, 54 sí 52. Houston fẹ́ràn àtimáa sáré, afẹ́fẹ́ òkè sì fẹ́lẹ́. Àmọ́ òkè kọ́ ló gbá bọ́ọ̀lù tó gbẹ̀yìn wọlé, Lorenzo Charles ni, àlejò lòun náà.

Ṣé ìwé iye ìborí nílé kò ń purọ́ fún wa?

Ó ń purọ́ díẹ̀, owó ló sì fà á. Kí líìgì tó bẹ̀rẹ̀, yunifásítì ńlá máa ń sanwó fún kékeré kó wá gbá bọ́ọ̀lù lọ́dọ̀ òun, nígbà mìíràn dọ́là 80,000 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, láìsí pé òun náà á lọ kí i padà. Ọ̀pọ̀ ìborí nílé, owó ni wọ́n fi rà á.

NCAA mọ̀. Nínú NET, ìwọ̀n tí wọ́n fi ń to àwọn ikọ̀ sí ipò, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní sáà 2018–19, kí ìborí tó wọ ìsọ̀rí kìíní, èyí tó níyì jù, tó bá jẹ́ nílé, ẹ gbọ́dọ̀ na ikọ̀ tó wà láàárín 30 àkọ́kọ́. Tí ẹ bá jáde lọ, ẹni tó wà ní ipò 75 ti tó.

Ní oṣù Kẹta, tí ìdíje ńlá bá dé, ta ló ń jẹ onílé?

Lọ́dọ̀ àwọn ọkùnrin, wọn kì í gbà kí ikọ̀ gbá a nínú gbọ̀ngàn tirẹ̀. Lọ́dọ̀ àwọn obìnrin, ikọ̀ 16 tó ga jù ń gbàlejò fún ìpele méjì àkọ́kọ́, ariwo, rẹfirí àti gbogbo rẹ̀.