Will Rogers nínú sinimá aláìlóhùn

William Penn Adair Rogers (4 Oṣù Kọkànlá 1879 – 15 Oṣù Kẹjọ 1935), tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí Will Rogers, jẹ́ apanilẹ́rìn-ín, òǹkọ̀wé nínú ìwé ìròyìn àti òṣèré sinimá ọmọ Amẹ́ríkà. Ilẹ̀ àwọn Cherokee, ẹ̀yà kan lára àwọn ọmọ onílẹ̀ Amẹ́ríkà, nítòsí Oologah, níbi tó di Oklahoma lónìí, ni wọ́n ti bí i. Okùn olójóbó tí àwọn darandaran fi ń mú màlúù ló gbé e dórí ìtàgé. Àpárá tó ń dá bó ṣe ń fi okùn náà ṣeré ló sọ ọ́ di olókìkí.

Ní 1918, nígbà tó ṣì ń ṣeré lálaalẹ́ nínú Ziegfeld Follies, eré orí ìtàgé olórin àti oníjó, ní New York, ó ya sinimá rẹ̀ àkọ́kọ́, Laughing Bill Hyde, ní Fort Lee, New Jersey, fún Samuel Goldwyn, tó ń gbé sinimá jáde. Lọ́dún kejì ó kó ìdílé rẹ̀ lọ sí California, ó sì bá Goldwyn ṣiṣẹ́ di 1921.

Sinimá ìgbà náà kò lóhùn, bẹ́ẹ̀ ẹnu ni Rogers fi ń jẹun. Lórí ìtàgé, ó máa ń dúró kí èrò rẹ́rìn-ín tán kó tó fi àpárá mìíràn lé e. Nínú sinimá, gbólóhùn kúkúrú tí wọ́n kọ sáàárín àwòrán ni gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀: bó bá gùn jù, ẹni tí kò yára kàwé kò ní kà á tán kí àwòrán tó yí. Òun fúnra rẹ̀ ló ń kọ púpọ̀ nínú gbólóhùn wọ̀nyí. Ní 1920 ó gbé The Illiterate Digest jáde, sinimá kékeré tó jẹ́ kìkì àpárá rẹ̀ lórí ìròyìn tó ń lọ. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dà bí àròkọ inú ìwé ìròyìn, ojú aṣọ sinimá ni wọ́n kàn ti ń kà á.

Iṣẹ́ tí ìdákẹ́jẹ́ kò pa lára ni The Ropin' Fool (1922), tó fi owó ara rẹ̀ ṣe. Wọ́n kun okùn ní funfun kó lè hàn, wọ́n sì mú kí àwòrán rìn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ níbi tí ọwọ́ rẹ̀ ti yá jù. Ó ju okùn mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà: ọ̀kan bọ ẹni tó gun ẹṣin lára, ọ̀kan bọ ẹṣin lọ́rùn, ìkẹta de ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ṣùgbọ́n owó tó ná sórí àwọn sinimá tirẹ̀ kò padà wọlé, ló bá padà sí Follies.

Ní Oṣù Kejìlá 1922 ni àròkọ ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ nípasẹ̀ McNaught Syndicate, ilé iṣẹ́ tó ń pín àròkọ fún àwọn ìwé ìròyìn. Láàárín 1923 sí 1924 ó ṣe àwọn sinimá àwàdà kéékèèké fún Hal Roach, tó ń gbé sinimá apanilẹ́rìn-ín jáde. Ìgbà tí sinimá lóhùn ló tó rí àyè ara rẹ̀: They Had to See Paris (1929) ni àkọ́kọ́, fún ilé iṣẹ́ sinimá Fox. Lẹ́yìn tí bàálù já pa á ní Alaska, nítòsí Point Barrow, ni sinimá rẹ̀ Steamboat Round the Bend ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde.