Ṣé dandan ni kẹ́ ẹ sọ gbogbo rẹ̀ fún mi?

Bí àwọn èèyàn bá gbọ́ pé agbaninímọ̀ràn fáwọn tí jàǹbá ti dẹ́rù bà ni mí ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) yìí, ohun tí wọ́n máa ń sọ ni pé: "Háà, ẹ̀yin lẹ máa ń ní kí ẹni tójú rẹ̀ rí màbo tún un sọ látìbẹ̀rẹ̀ dópin." Ọ̀rọ̀ yìí ni kì í jẹ́ kí àwọn mìíràn wá rárá. Àwọn tó sì wá, ẹbí tó mú wọn wá á máa tì wọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́: "Sọ fún wọn! Sọ fún wọn!" Èmi ni mo máa ń ní kí wọ́n ní sùúrù.

Mi ò lè sọ ti ẹnikẹ́ni tó wá sọ́dọ̀ mi, àpẹẹrẹ lásán nìyí. Lóṣù kẹsàn-án ọdún 2023, iná jó ibi tí wọ́n ń kó epo fàyàwọ́ sí ní Sèmè-Kraké, létí ẹnubodè Benin àti Nàìjíríà, ó pa èèyàn tó lé ní 30. Ká ní obìnrin kan rí irú iná bẹ́ẹ̀. Ó padà sí Àjàṣẹ́, kpayo, ìyẹn epo bẹntiróòlù fàyàwọ́, wà nínú ìgò lẹ́bàá títì káàkiri. Bó bá ti gbóòórùn rẹ̀, àyà rẹ̀ á máa lù kìkìkì, ọwọ́ á máa gbọ̀n. Òun mọ̀ pé ọjà lòun ń lọ, ara rẹ̀ ni kò mọ̀. Bí mo bá wá ní kó tò ó lẹ́sẹẹsẹ fún mi lọ́jọ́ àkọ́kọ́, inú iná yẹn ni mo tún dá a padà sí.

Àjọ Ìlera Àgbáyé pàápàá ní ká má ṣe máa pe ẹni tí jàǹbá ṣẹ̀ṣẹ̀ bá jókòó lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo pé kó tú gbogbo rẹ̀ jáde.

Agbẹ̀bí ni mí kí n tó kọ́ iṣẹ́ yìí. Yàrá ìrọbí ni mo ti rí i pé ọwọ́ ìtọ́jú pàápàá ń dẹ́rù bani bí a kò bá tọrọ àyè kí a tó fi kanni lára. Nítorí náà, "Màmá, ẹ jókòó síbi tó bá wù yín" ni mo fi ń bẹ̀rẹ̀. Ọ̀pọ̀ máa ń yan àga tó kọjú sí ilẹ̀kùn. Mo máa ń sọ ohun tá a fẹ́ ṣe kí n tó ṣe é. Mo máa ń béèrè oorun, oúnjẹ, àti ẹni tó wà nílé pẹ̀lú wọn. A ó wá jọ kọ́ bí wọ́n á ṣe fẹsẹ̀ tẹlẹ̀ dáadáa, kí wọ́n máa mí síta díẹ̀díẹ̀, kí wọ́n dárúkọ ohun márùn-ún tí wọ́n ń rí láyìíká, nígbà tí àyà bá já. Oṣù mélòó kan lè kọjá lórí èyí nìkan. Ẹbí a ní à ń fàkókò ṣòfò.

Àmọ́ kò túmọ̀ sí pé "gbàgbé ẹ̀, Ọlọ́run ló yọ ẹ́" ni oògùn rẹ̀ o. Ìtọ́jú wà tó jẹ́ pé èèyàn á padà sórí ohun tó ṣẹlẹ̀, díẹ̀díẹ̀, lọ́dọ̀ ẹni tó kọ́ ọ. Àjọ yẹn kan náà fọwọ́ sí i lọ́dún 2013. Ẹni tó ni ọ̀rọ̀ ló ń sọ ìgbà tó bá tó.

Bẹ́ ẹ bá fẹ́ lọ rí agbaninímọ̀ràn, ẹ kọ́kọ́ bi í bóyá ẹ lè dákẹ́ lórí ohun tẹ́ ò fẹ́ sọ. Bó bá ní rárá, ẹ wá ẹlòmíì.